Fúnkẹ́, Tú Atẹ́gùn Inú Táyà Yẹn Sílẹ̀

Ṣágámù,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Fúnkẹ́ mi ọ̀wọ́n, Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Kí o tó ka ìlà kejì, dìde. Lọ síbi tí o gbé kẹ̀kẹ́ náà sí, ṣí ẹnu tíúbù iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí o jẹ́ kí atẹ́gùn inú wọn tú jáde pátápátá. Bí o bá ti ṣe é tán, padà wá jókòó, kí a tó wá máa kí ara wa.

Ṣé o ti ṣe é? Ó dáa. Báwo ni ara rẹ? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ṣé yàrá tí wọ́n fún ọ kò jò? Èmi àti bàbá rẹ wà ní àlàáfíà, àfi orúnkún mi tó máa ń dà mí láàmú bí òjò bá ti ṣú.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Awakọ̀ tó mú un wá kò tíì mu omi tí mo gbé fún un tán tí mo ti já a. Inú mi dùn púpọ̀. O ní àwọn ará abúlé ti ń pè ọ́ ní Nọ́ọ̀sì Kékeré, o ní obìnrin mẹ́ta ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Mo ń kà á sókè fún bàbá rẹ, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé ojú ewé kejì ni ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mọ́mì, mo ti pààrọ̀ àwọn táyà gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó wà lára kẹ̀kẹ́ yín, wọ́n ti gbó. Mo ra tuntun, tẹ́ẹ́rẹ́, ó rẹwà. Ọkùnrin tó tà á fún mi fẹ́ ẹ títí ó fi le bí òkúta. Kẹ̀kẹ́ náà wá ń fò bí ẹyẹ. Lọ́jọ́rú, mo fẹ́ fi gbé ìyàwó olùkọ́ àgbà lọ sí Ìpara, kí ó lè rí ọkọ̀ wọ̀ lọ fi oyún rẹ̀ han dókítà."

Mo ká lẹ́tà náà pọ̀. Bàbá rẹ ní, "Kí ló dé, Ìyá Fúnkẹ́?" Mo ní ojú ló ń dùn mí. Irọ́ ni. N kò sì sùn dáadáa láti àná.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí o kò tíì dé ayé. Ẹni mẹ́ta péré ló mọ̀ ọ́n. Èmi jẹ́ ọ̀kan, ọ̀kan ti kú, ọ̀kan yòókù kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rò pé n óò gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Fi sùúrù ka èyí tó kù.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí wọ́n rán mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Ìlárá. Kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn ni bàbá mi rà fún mi nígbà náà. Kẹ̀kẹ́ obìnrin ni, irin àárín rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ kí aṣọ má baà há, ó wúwo, ó ga, táyà rẹ̀ sì fẹ̀. Bí mo bá gùn ún, bí ẹni jókòó sórí àga ni. N kò mọyì rẹ̀ rárá. Akọ̀wé kan wà ní abúlé náà tí táyà kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka. Bí a bá pàdé lọ́nà, á ya mí sílẹ̀ fìì, á ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ lẹ gùn ni?" Àwọn obìnrin tó ń pọn omi á bú sẹ́rìn-ín. Ọmọge ni mí, mo fẹ́ràn àfínjú, ọ̀rọ̀ náà sì ń gún mi lára.

Nígbà tí táyà ẹ̀yìn gbó, mo gbé kẹ̀kẹ́ náà wá sí Ṣágámù níbí, sọ́dọ̀ Bàbá Ràímì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Òfin. Bàbá arúgbó tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, epo dúdú kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo ti ra táyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lọ́jà, mo kó wọn lé e lọ́wọ́. Ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, ó wo ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí lára wọn.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, èyí kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ yìí."

Mo ní, "Bàbá, 28 ló wà lára ti àtijọ́, 28 náà ló wà lára èyí."

Ó ní, "Ka nọ́ńbà kejì fún mi."

Ti àtijọ́ jẹ́ 28 × 1½. Tuntun jẹ́ 28 × 1⅜.

Ó ní, "O rí i? Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹnu táyà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí fi díẹ̀ tóbi ju ríìmù tìrẹ lọ. Yóò máa mì lórí rẹ̀ bí fìlà àgbàlagbà lórí ọmọ ọwọ́. Wọn á ní kí o fẹ́ ẹ kí ó le, kí ó lè dì í mú. Yóò dì í mú lóòótọ́, títí di ọjọ́ tí oòrùn bá mú, tí ẹrù bá wúwo, tí o bá gba orí òkúta kọjá. Ọjọ́ yẹn ni yóò fò kúrò lórí ríìmù. Gbé e padà fún ẹni tó tà á fún ọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi. Kí ni mo ṣe? Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe mìíràn tí kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó fi ipá wọ̀ ọ́, ó gbá pọ́ǹpù títí òógùn fi bò ó, ó fi ìka ta táyà náà, ó dún kìn-ín-kìn-ín. Inú mi dùn. Bí mo ṣe ń padà lọ, mo ya akọ̀wé yẹn sílẹ̀ lọ́nà Ìlárá, n kò sì wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gùn ún. Ọwọ́ mi máa ń kú tipiri bí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Ìbàdí mi ń ro mí. Gbogbo òkúta kéékèèké ojú ọ̀nà ni mo ń fi eyín mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa ń ní, "Ó dùn ún gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ìgbéraga ọmọdé, Fúnkẹ́, àánú rẹ̀ ló yẹ kí ó ṣe ènìyàn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Sìkírátù. Ìyàwó oníṣòwò obì kan ni, ọmọbìnrin pẹ̀lẹ́, kò ju mí lọ. Ó ti bí ọmọ méjì, ẹ̀kẹta ló wà nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ìyá ọkọ rẹ̀ mú un wá, ọmọ ń mú un. Ọkọ rẹ̀ ti kó obì lọ sí Ìbàdàn láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, mo tún fọwọ́ kàn án. Orí ọmọ kò sí nísàlẹ̀, kò sí lókè. Ọmọ náà dábùú. Ìwọ náà ti kọ́ ọ, o mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọwọ́ agbẹ̀bí kò ká a, iṣẹ́ abẹ ni.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní abúlé ti lọ. Ibi tí a ti lè rí ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó ń lọ sí Ṣágámù ni ojú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi kẹ̀kẹ́ gbé e. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé kẹ̀kẹ́ yìí gbà á? Kí a má pe àwọn ọkùnrin lóko kí wọ́n fi pákó gbé e?" Mo ní, "Ìyá, yóò pẹ́ jù. Kẹ̀kẹ́ mi yá." Mo mú pọ́ǹpù, mo tún fẹ́ táyà ẹ̀yìn sí i, nítorí pé ènìyàn méjì ni yóò gbé. Mo ṣì ń rántí bí apá mi ṣe ń gbọ̀n nígbà tí pọ́ǹpù náà kò fẹ́ wọlé mọ́.

A tẹ́ aṣọ sórí irin ẹ̀yìn, Sìkírátù jókòó sí i ní ẹ̀gbẹ́, mo fi ọ̀já so ó mọ́ ìbàdí ara mi. Oòrùn ti mú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé wa, ó ń pe Ọlọ́run. Gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá fò lórí gbòǹgbò, Sìkírátù á kérora sí mi léjìká. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra." Mo ní, "Fara dà á, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." A kò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ibi ìsọ̀kalẹ̀ kan wà kí ènìyàn tó kan odò. Ibẹ̀ kún fún òkúta. Mo gbọ́ ìró kan, gbòà! bí ìbọn ọdẹ. Táyà ẹ̀yìn ti fò kúrò lórí ríìmù, tíúbù ti bẹ́, irin ń ha ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ṣubú sí ọ̀tún. Nítorí pé mo so ó mọ́ra mi, èmi àti òun la jọ ṣubú, mo sì ṣubú lù ú.

N kò ní sọ igbe tó ké fún ọ.

Àwọn àgbẹ̀ méjì tó gbọ́ ìró náà sáré jáde láti inú oko kòkó. Wọ́n gé igi, wọ́n fi aṣọ ìró ìyá ọkọ rẹ̀ so ó, wọ́n gbé e. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe láti abúlé gan-an nìyẹn, tí mo ní yóò pẹ́ jù. A rí ọkọ̀ ẹlẹ́rù. A dé ilé ìwòsàn. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, Sìkírátù yè, egungun èjìká rẹ̀ ti dá. Ọmọ náà ti kú. Ọkùnrin ni.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bi dókítà pé ṣé ìṣubú ni. Ó wò mí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ ìṣubú. Ó sì lè ti kú kí ẹ tó kúrò nílé. N kò lè mọ̀." Títí di òní, èmi náà kò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé mo mọ̀ ni, bóyá ì bá sàn.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ dé láti Ìbàdàn. Ó bá mi lẹ́bàá ibùsùn ìyàwó rẹ̀. Ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́nà?" Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Òkúta ló gún táyà." Ó mi orí. Ó ní, "Ọ̀nà wa yìí burú. Ẹ kú wàhálà. Ọlọ́run á san án fún yín." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó kó iṣu àti obì wá fún mi, ó ní bí kò bá sí èmi ni, ìyàwó òun ì bá ti bá ọmọ náà lọ. Mo gba iṣu náà. Mo dojú délẹ̀ lórí ibùsùn mi, mo sunkún títí ojú mi fi wú, síbẹ̀ n kò lọ bá a kí n sọ òtítọ́. Bí wọ́n bá bú mi, ara mi ì bá gbà á. Ọpẹ́ yẹn ni ara mi kò gbà.

Mo wọ́ kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ràímì. Ó wo ríìmù, ó fa tíúbù tó ya jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ní, "Wọ́n ní o sọ pé òkúta ló gún un."

Mo mú tíúbù tó ya náà, mo ń ká a mọ́ ọwọ́.

Ó ní, "Òkúta kì í bọ́ táyà kúrò lórí ríìmù. Ìwọ mọ̀, èmi náà mọ̀. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹnu mi kọ́ ló yẹ kí ó ti jáde. Jókòó. Bí o kò bá gbọ́ nígbà yẹn, wàá gbọ́ nísinsìnyí." Ó fà mí lọ́wọ́, ó gbé àtàǹpàkò mi lé táyà, ó sì kọ́ mi.

Ohun tó kọ́ mi ni mo fẹ́ kọ́ ọ. Fi sọ́kàn.

Èkínní, nọ́ńbà méjèèjì ni kí o máa kà, kì í ṣe ọ̀kan. Ti kẹ̀kẹ́ rẹ ni 28 × 1½. Bí wọ́n bá gbé 28 mìíràn fún ọ, tí wọ́n ní "ó máa wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ dáadáa", sá fún ẹni náà. Táyà tó bá ríìmù mu, ìrọ̀rùn ló fi ń jókòó. Bí o bá yí àgbá kẹ̀kẹ́ náà, ìlà tó wà létí táyà yóò máa bá ríìmù rìn dọ́gba yí ká. Bí ó bá ga níbì kan tí ó rì níbì kan, má gùn ún.

Èkejì, táyà tó fẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gàn. Atẹ́gùn púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ó lè rọ̀ díẹ̀ kí irin má sì kan ilẹ̀. Òun ló ń gba òkúta àti gbòǹgbò mì kí wọ́n tó dé ìbàdí rẹ. Tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní àyè yẹn. Dandan ni kí o fẹ́ ẹ kí ó le, bí ó bá sì ti le, gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà ni yóò máa jù sókè sí ọ lára. Kódà bí o bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ríìmù mu, fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń gun ojú títì ọlọ́dà. Ilẹ̀ pupa ni ìwọ ń gùn. Àwọn obìnrin tí ìwọ ń gbé kò yẹ lẹ́ni à ń mì jìgìjìgì.

Wọ́n á sọ fún ọ pé bí táyà bá ṣe le tó ló ṣe ń yára tó. Ó dà bí òótọ́. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, táyà líle kì í sáré, fífò ló ń fò. Agbára ẹsẹ̀ tí o ń fi tẹ̀ ẹ́, òfúrufú ló ń lọ. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ẹ̀kẹta ni bí wàá ṣe mọ ìwọ̀n atẹ́gùn. Bàbá Ràímì kò ní ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n, àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń lò. Ti iwájú, tẹ̀ ẹ́, kí ó rì díẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n tí kò tíì rọ̀. Ti ẹ̀yìn ni kí ó le jù ú lọ, kí ó dà bí ọsàn tútù, nítorí pé ẹ̀yìn ló ń gbé ọ̀pọ̀ ẹrù. Lẹ́yìn náà, jókòó lé e, kí ẹlòmíràn bá ọ wo ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀gbẹ́ táyà yọ ikùn díẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀. Bí kò bá yọ ikùn rárá, ó ti le jù. Bí ó bá pẹlẹbẹ, ó ti rọ̀ jù. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, fi díẹ̀ kún ti ẹ̀yìn, má fọwọ́ kan ti iwájú. Ní ọ̀sán gangan, má fẹ́ ẹ dé òpin, oòrùn yóò fi tirẹ̀ kún un.

Má sì bẹ̀rù líle kí o lọ kó sọ́wọ́ rírọ̀. Mo ṣe ìyẹn náà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Sìkírátù, ẹ̀rù bà mí débi pé táyà mi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo gun orí òkúta kan, ríìmù sì fún tíúbù mọ́ ilẹ̀, ó dá ihò méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni pé ejò bù ú jẹ. Ìyàwó olóko kan ló ràn mí lọ́wọ́ wọ́ kẹ̀kẹ́ náà délé. Máa wo táyà ní àràárọ̀. Tíúbù máa ń pàdánù atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀ bí kò tilẹ̀ lu.

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Èyí tó tẹ̀lé e ju gbogbo wọn lọ. Aboyún tí ọmọ ń mú kì í ṣe ẹrù kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá lè jókòó, tí ara rẹ̀ dá, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, o lè fi táyà tó fẹ̀ gbé e, kí o sì máa sọ̀ kalẹ̀ tì í níbi gbogbo tí òkúta bá wà. Má fi ọ̀já so ó mọ́ra rẹ. Ẹni tí ọmọ ti ń mú, ké pe àwọn ọkùnrin. Kí wọ́n gbé e. Bí ìyá àgbàlagbà kan bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tó ní, "Ṣé kẹ̀kẹ́ yìí gbà á?", dúró kí o gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ Sìkírátù, kí o má baà rò pé irọ́ mi gbé mi dé èbúté. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún lóyún. Èmi ló wá bá. Ó jókòó níwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́." Mo mú káàdì láti kọ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ mi kò kọ ọ́. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: akọ̀wé, táyà, ohun tí Bàbá Ràímì sọ, pọ́ǹpù tí mo gbá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àti irọ́ tí mo pa fún ọkọ rẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó fi ọwọ́ pa èjìká rẹ̀ tó dá nígbà náà, ó dìde, ó sì jáde.

Oṣù kan gbáko ni n kò fi rí i. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí ọkọ rẹ̀, tàbí ọlọ́pàá, tàbí ìwé pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti di ẹrù mi sínú àpótí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, òun nìkan wọlé wá. Kò jókòó. Ó ní, "N kò tíì dárí jì yín. N kò mọ̀ bóyá n óò lè ṣe é. N kò sọ fún ọkọ mi, nítorí yóò fẹ́ pa yín, mo sì fẹ́ kí ó dúró tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ti rò ó. Nínú gbogbo agbẹ̀bí tó wà ní Rẹ́mọ, ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ dájú pé ẹ kò ní fi mí ṣeré mọ́. Ẹ kọ orúkọ mi."

Mo kọ ọ́. Gbogbo oṣù tó kù, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ wò ó. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo ti mú un wá sí Ṣágámù ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó bí obìnrin. Títí di òní, a máa ń pàdé, a máa ń kí ara wa. Kò sọ ọ́ rí pé òun ti dárí jì mí. N kò bi í rí.

Nítorí náà, Àbẹ̀ní, bí iṣẹ́ yìí bá mú àṣìṣe wá sí ọ lọ́wọ́, yóò sì mú un wá, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Sọ ọ́ kí wọ́n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ tán, ó ti di nǹkan mìíràn.

Mo ti ra táyà 28 × 1½ méjì lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ òní. Ọmọ Bàbá Ràímì ló ṣí ṣọ́ọ̀bù fún mi. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà rẹ wá ní òun ń padà lọ́la, n óò kó wọn fún un pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀. Ọwọ́ rẹ kò ní dá ẹ̀mí kankan légbodò.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Fúnkẹ́, mo tún ṣí lẹ́tà yìí lẹ́yìn tí mo ti lẹ̀ ẹ́. Mo rí i pé mo ń sọ fún ọ kí o máa sọ òtítọ́, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ tí mo ti bá gbé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí kò mọ̀. Mo pè é. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀. Kò dá mi dúró. Ìgbà tí mo parí, ó ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Ó ní, "Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá fẹ́ ọ, ṣé o rò pé n bá sá?"

Mo ní, "N kò mọ̀."

Ó ní, "Èmi náà kò mọ̀. Ohun tó dùn mí nìyẹn, pé o kò jẹ́ kí n mọ irú ẹni tí n bá jẹ́."

Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní kí n má kó táyà náà fún awakọ̀ kankan, òun fúnra òun ni yóò gbé wọn wá. Mo ní ọ̀nà jìn, ara rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Bàtà rẹ̀ ló ń wá.

Nítorí náà, ẹni tó dúró níwájú rẹ bí o ṣe ń ka èyí, bàbá rẹ ni. Má bi í ní nǹkan kan. Fún un ní omi mu.